Bí Òpònú Ṣe Lè Gba Ìlú Rẹ̀ Lọ́wọ́ Omi Mímọ́

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Wọn kò tíì gbọ́ nípa Toowoomba ni. Ìwọ tí o bá fẹ́ bá omi jà, tí o sì fẹ́ borí, jókòó jẹ́ẹ́, kí o gbọ́ bí àwọn ará ìlú kan tó wà lórí òkè ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ṣe ṣe é. Iṣẹ́ náà kò le. Kò gba ọgbọ́n rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé wàá ṣe é yanjú.

Kọ́kọ́ wá ọ̀dá. Níbi tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, kò sẹ́ni tí í dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀. Dáàmù mẹ́ta ni Toowoomba gbójú lé: Cooby, Perseverance àti Cressbrook. Nígbà tó fi máa di 2005, omi inú wọn ti ń fà lọ. Ni Dianne Thorley, tí í ṣe méyọ̀ ìlú náà nígbà náà, bá mú àbá wá: kí wọ́n gba omi tí ìlú ti lò, kí wọ́n sẹ́ ẹ ní àsẹ́túnsẹ́, kí wọ́n dà á sínú dáàmù Cooby, kí wọ́n tún fà á jáde níbẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe omi dáàmù tẹ́lẹ̀, kó tó wá dé ẹnu ẹ̀rọ. Mílíọ̀nù 68 dọ́là Ọsirélíà ni wọ́n ní yóò ná wọn.

Ibi tí iṣẹ́ tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn délẹ̀. Bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti la ẹnu pé, "Omi náà yóò kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kan," ké sí i láti ẹ̀yìn pé, "Ìgbẹ́!" Ó tán. Asẹ́ tó fẹ́ ṣàlàyé yẹn, ihò ara rẹ̀ kéré débi pé agbára ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ti omi kọjá nínú rẹ̀. Kòkòrò àrùn kò ráyè gbà, iyọ̀ gan-an, agbára káká ni díẹ̀ fi ń yọ́ kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún fi ìmọ́lẹ̀ ultraviolet pa ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù. Onímọ̀ náà nílò ìdajì wákàtí àti àwòrán mẹ́fà kó tó sọ èyí yé àwùjọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwọ nílò.

Àwọn ará Toowoomba mọ èyí dáadáa. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alátakò sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Citizens Against Drinking Sewage, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìlú tí kò fẹ́ mu omi ìgbẹ́. Ta ló fẹ́ mu ún? Orúkọ ẹgbẹ́ ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Poowoomba, nítorí ìgbẹ́ ni "poo" lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Má bẹ̀rù pé ẹnìkan yóò já ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà, Paul Rozin, tó ti bá ọ ṣe ìwádìí tìrẹ sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú òkú aáyán tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò àrùn ara rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi èso, wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n ní kí àwọn èèyàn mu ún. Wọ́n ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ewu. Àwọn èèyàn gbọ́, ó yé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fi kan ẹnu. Inú ni kó o bá sọ̀rọ̀, má bá orí sọ̀rọ̀.

Tí o bá ti ṣe èyí tán, wá olówó. Toowoomba ní Clive Berghofer, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ tó ti ṣe méyọ̀ níbẹ̀ rí, òun náà sì dúró gbọn-in sẹ́yìn àwọn alátakò. Olówó kò ní láti mọ nǹkan kan nípa omi. Ó kàn ní láti béèrè lójú gbogbo èèyàn pé ta ni yóò ra ilé nílùú tó ń mu ìgbẹ́ ara rẹ̀.

Èyí tó kù ni kó o bi onímọ̀ náà léèrè bóyá ó dá a lójú pátápátá, láìkù síbì kan, pé oògùn tí àwọn èèyàn ń tọ̀ jáde kò ní sọ ọkùnrin di ọlọ́yàn lẹ́yìn ogójì ọdún. Onímọ̀ tó bá jẹ́ olóòótọ́ kì í sọ pé ohunkóhun dá òun lójú pátápátá. Bó bá ti fà sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, yíjú sí àwùjọ, kó o rẹ́rìn-ín.

(Kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo alátakò ni òpònú. Ẹni tí ìjọba ti tàn jẹ lórí ojú ọ̀nà àti lórí iná, ṣé orí omi ló ti fẹ́ gbà wọ́n gbọ́? Ó yẹ kí wọ́n fi ara balẹ̀ mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún omi ṣe, kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé òpònú ni mò ń kọ. Ìwọ, ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà pa.)

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Windhoek, wá nǹkan mìíràn sọ. Olú-ìlú Nàmíbíà ni, aṣálẹ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, odò tó ń ṣàn yípo ọdún kò sí nítòsí. Láti 1968 ni wọ́n ti ń sọ omi tí ìlú ti lò di omi mímu níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun ní 2002. Wọn kò tilẹ̀ dà á sínú dáàmù kankan kí ojú lè tì í díẹ̀, inú páìpù ìlú ló ń gbà lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1968 ti ní ọmọ-ọmọ. Má mẹ́nu kan Singapore náà, níbi tí olórí ìjọba wọn nígbà náà, Goh Chok Tong, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti jọ gbé ìgò irú omi yìí sókè, tí wọ́n sì mu ún níbi ayẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn ní 2002. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, má pè é rárá. Omi odò Thames ló pọ̀ jù nínú omi tí Lọ́ńdọ̀nù ń mu, Oxford àti Reading sì wà lókè odò náà, wọ́n ń da omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fi tẹ ẹ̀bà jẹ láti ọjọ́ yìí wá.

Ó wá ku ìbò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 2006, nǹkan bí èèyàn 62 nínú 100 ní Toowoomba dìbò pé àwọn kò fẹ́. O borí! Jó, yọ̀, ṣùgbọ́n má yọjú wo dáàmù, nítorí òjò kò bá ọ dìbò.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Peter Beattie, olórí ìjọba Queensland, kéde pé wọn yóò da omi àtúnṣe sínú dáàmù Wivenhoe fún ẹkùn náà, wọn kò sì ní dìbò kankan mọ́. Nígbà tó di 2008, Anna Bligh tó gbapò rẹ̀ ní ó di ìgbà tí omi dáàmù kò bá tó ìdá 40 nínú 100 mọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Toowoomba ní tirẹ̀ nílò omi. Ní 2010, páìpù dé dáàmù Cressbrook tí ìlú náà gbójú lé, ó gbé omi gun òkè wá láti ìsàlẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì mílíọ̀nù 68 ti àkọ́kọ́ lọ. Inú dáàmù wo ni wọ́n ti ń fa omi náà? Wivenhoe.

Òṣìṣẹ́ omi kan lè mú àwòrán odò Brisbane, tó ń ṣàn wọ Wivenhoe, wá, kó fẹ́ fi àwọn ìlú kéékèèké tó wà lókè dáàmù náà hàn ọ́, àti ibi tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń gbà wọnú odò lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe. Ní kó rọra ká àwòrán rẹ̀, kó máa lọ. O ń mumi lọ́wọ́.