Ta Ló Fi H Sẹ́rù Ọmọ Yìí?

Bí ẹ bá gba òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹ kọjá Ajah, tí ẹ forí lé èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ẹ ṣe mí lóore kan: ẹ má wo ilé, ẹ má wo tírélà, pátákó ìtajà ni kí ẹ máa kà. Ẹ ó rí Phemmy tó ń gẹrun, Khemmysorlar tó ń ta búrẹ́dì, Horlarmide tó ń tún fóònù ṣe, Borlar tó ń ránṣọ. Èmi tí mo ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kọ́kọ́ rò pé àjèjì ló ti ra gbogbo àdúgbò náà. Ìgbà tí mo pè wọ́n jáde lẹ́nu ni mo tó mọ̀ pé Fẹ́mi, Kẹ́misọ́lá, Ọlámidé àti Bọ́lá tiwa-n-tiwa ni.

N kò fẹ́ bá ará ibẹ̀ wí jù ṣá. Ajah fúnra rẹ̀ ní h kan nídìí tí kọ̀ńdọ́ kankan kò pè rí. Lẹ́kí gbé k méjì sórí pátákó bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀kan ṣe ènì fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, tó fi di pé ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, Leckie ni wọ́n ń kọ Lẹ́kí sínú ìwé wọn, bí ẹni pé Skọ́tíláǹdì ni wọ́n ti gbé e wá. Ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti rí báyìí, ẹ ò lè retí kí ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ orúkọ tó tẹ́jú.

Lẹ́tà méjì ni mo fẹ̀sùn kàn: r àti h. Àwọn méjèèjì yìí ń rìn káàkiri ayé láìní físà.

R ni kí á kọ́kọ́ pè wá sílé ẹjọ́. Ní 1959 wọ́n bí Helen Fọláṣadé Adú ní Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ ọmọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwo orin rẹ̀, Diamond Life, tó jáde ní 1984, máa wọ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tà á rí i pé Sade máa há ará ibẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára àwo pé Shar-day ni kí wọ́n máa pè é. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ẹnu Lọ́ńdọ̀nù kì í pe r tó bá wà níbẹ̀ yẹn, ó kàn ń fi fa ohùn gùn ni. Ará Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, r tó bá rí ló ń pè, bí ẹni pé ó sanwó fún un. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tuntun fi ń jẹ́ Sharday, Shardae, Sharde, tí òbí wọn kò mọ ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn ọmọ náà ti ń di ẹni ogójì ọdún báyìí, r wà lọ́rùn wọn.

R kan náà sọ̀ kalẹ̀ ní Lomé. Adebayor, agbábọ́ọ̀lù Tógò, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ẹ yọ lẹ́tà ìdí yẹn kúrò, Adébáyọ̀ tí ẹ mọ̀ ló kù. Ọdún 1984 ni wọ́n bí òun náà. Mi ò sọ pé òun àti Diamond Life jọ wọ ọkọ̀ kan náà o.

Ẹ̀sùn h ló wúwo jù. Àwa Yorùbá a máa yọ ọ́ níbi tó wà, a ó sì lọ fi í síbi tí kò sí. Abdul-Hamid dé ọ̀dọ̀ wa, ó di Lámídì, h ti wábi gbà. Aláàfin Ọ̀yọ́ tó wàjà ní 2022 fi Lámídì yẹn joyè, ó sì bá a mu rẹ́gí. Hakeem Ọlájùwọ́n dé Houston ní 1980, Akeem ni wọ́n ń kọ. Ó gbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ títí, ó di oṣù kẹta ọdún 1991 kó tó ní kí wọ́n dá H òun padà. Ó ní òun kò yí orúkọ padà, òun tún un ṣe ni. Tirẹ̀ nìkan ni a rí gbà. Ti Lámídì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì padà, mo sì ń fura pé ẹnì kan ti kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí Ajah, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ayọ̀ lára. Báwo ni Ayọ̀ ṣe di Haryor bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀?

Ti Mùhámọ́dù tiẹ̀ kọjá ẹ̀sùn. Ààrẹ tó wá ṣí èbúté Lẹ́kí, Muhammadu ló máa ń kọ tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ní England àti Wales, Muhammad ló gba ipò kìíní nínú orúkọ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní 2023, Mohammed wà ní ipò 28, Mohammad ní 68. Ẹni tó bá rò pé oríṣi mẹ́ta pọ̀, kó wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó wá gbọ́ Mọ̀mọ́dù.

Àmọ́ nínú gbogbo wọn, Giannis, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ni ẹrù rẹ̀ kún jù. Àwọn òbí rẹ̀ gbé Adétòkunbọ̀ kúrò ní Nàìjíríà, wọ́n bí i sí Áténì ní 1994. D tí àwọn Gíríìkì ń lò lóde òní kì í dún bíi tiwa, nítorí náà n àti t ni wọ́n ń so pọ̀ kó tó dún bíi d. M àti p ni wọ́n ń so pọ̀ fún b. O àti u fún u. Nígbà tí wọ́n wá gbà á ní ọmọ onílẹ̀ ní 2013, wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà padà sí ABD lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó já ohunkóhun kalẹ̀: Antetokounmpo. Orúkọ náà lọ sókè òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ru ohun tí kò gbé lọ bọ̀. Àwọn asọ̀rọ̀ eré ìdárayá Amẹ́ríkà ń làágùn lórí ohun tí kọ̀ńdọ́ Ajah máa pè láìmí.

Akọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì ní àwáwí: lẹ́tà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló gba lẹ́tà lọ́wọ́ Phemmy? Láti 1875 ni ìjọ CMS ti ṣèpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, tó sọ aiye di ayé, tó sọ enia di ènìyàn, 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé wọ̀nyí tí wọ́n ti fún Phemmy láyè.

Ọ̀tọ̀ ni àrùn tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù. Nílé, ọjọ́ kẹjọ lọmọ ń gba orúkọ. Ní England òfin fún wa ní ọjọ́ 42 láti fi orúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ 34 tó fi lé yẹn, gígé là ń fi í gé orúkọ, nítorí olùkọ́ kan tí kò tíì rí ọmọ náà sójú. Ṣeun di Sean. Tóbilọ́ba di Toby. Ará ilé ń fi lẹ́tà kún un kó lè jọ ti òyìnbó, àwa ń yọ lẹ́tà kúrò kí òyìnbó má bàa kọsẹ̀. Ẹ sì wá wo ìdájọ́: àwọn ọmọ tí a gé orúkọ wọn ló ń dàgbà tán tí wọ́n ń wá àmì ohùn kiri. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Peckham tí kò lè fi Yorùbá ra ata rodo, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ íméèlì rẹ̀, Ọlámidé ló ń kọ, tàmì-tàmì, kò sí tísà tó máa rí i wí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ń kọ Horlarmide. Ẹni tí kò gbọ́ ń kọ Ọlámidé.

Àbúrò mi ní Ṣàngótẹ̀dó ló wá pa mí láyò. Agẹ́ńtì ni, ó ń bá àwọn oníṣòwò gbẹ́rù jáde ní èbúté Lẹ́kí, níbi tí omi ti jìn tó mítà 16.5 tí ọkọ̀ ńláńlá fi lè súnmọ́lẹ̀. Ibi tí òun ti ń bẹ̀rù kò jìn tó bẹ́ẹ̀: lẹ́tà kan ni. Bí orúkọ inú ìwé ẹrù kò bá bá ti inú ìwé ìdánimọ̀ mu, àtúnṣe dé nìyẹn, owó ìdúró kọ̀nténà á sì máa gorí ara wọn. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje, pé inú àwọn yòókù ni wọ́n ti ń ṣírò nọ́ńbà ìkẹyìn, kí kọ̀ǹpútà lè figbe ta bí akọ̀wé bá ṣì í kọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ ọmọ rẹ̀ ní Thiwathorpeh.

Tìwatọ́pẹ́ ni, ẹ má bínú. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára báńà, sára ife, sára abẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, pásítọ̀ gba máíìkì, ó wo ìwé, ó wọ dígí, ó bọ́ dígí, ó ní kí ìjọ kọ orin díẹ̀ ná. Bàbá kan nínú ẹbí ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, a ti wò ó, orí Instagram ni.”

Mo fa àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ní England, ìdí orúkọ ìlú ni thorpe ń wà: Scunthorpe, Cleethorpes, wọ́n á máa bi ọmọ yìí ní bọ́ọ̀sì tó ń lọ ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó dá yàtọ̀. Tìwatọ́pẹ́ mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.”

“Bí ẹnì kan bá pè wọ́n, ṣé kì í ṣe márààrún ló máa dáhùn?”

“Lórí Google ńkọ́, sà?”

N kò rí èsì sí ìyẹn. Wọ́n fi Haryormideh tẹ̀ lé e. Ìgbà tó kan Màmá wa, wọ́n ju owó sínú abọ́, wọ́n ní Olúwadárasími. Àbúrò mi yọ bíróò, ó ń wá ibi tó máa fi h sí. Màmá wò ó lójú, bíróò padà sápò.

Ìwé ìrìnnà ọmọ náà ló kù báyìí. Ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ rẹ̀, A sí Z nìkan ló mọ̀ ní ti orúkọ, kò mọ àmì ìsàlẹ̀, kò mọ àmì ohùn. Níbẹ̀ ni Ọ̀ṣọ́ ti ń di Oso tí ojú fi ń ti ọmọlúàbí. Àyè 39 péré ló wà níbẹ̀ fún gbogbo orúkọ. Àbúrò mi fi ojú agẹ́ńtì kà á, ó sì pè mí ní Lọ́ńdọ̀nù lóru. Tiwatope, Ayomide, Oluwadarasimi, lẹ́tà 28. Orúkọ ìdílé wa, méje. Àlàfo àárín wọn, mẹ́rin. Ó pé 39 géérégé. Ṣùgbọ́n bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ó fi mẹ́jọ lé.

Mo ní kó yọ h márùn-ún àti r mẹ́ta, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ bàbá wa yìí, lẹ́tà méje, kí la tiẹ̀ ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe?”