Ẹ̀gbọ́n Alága, Níbo La Ó Ti Máa Gúnyán?

Sí Alága Ìgbìmọ̀ Àtúnkọ́ Họ́ọ̀lù Ìjọ wa, Kábbà.

Mo ti rí àwòrán họ́ọ̀lù tuntun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn ìsìn. Ó dára débi pé mo kọ́kọ́ rò pé báńkì fẹ́ ra ilẹ̀ ìjọ ni. Gíláàsì láti òkè délẹ̀, táìsì tó ń dán gbinrin, omi tó ń tú sókè lójúde, àti òyìnbó mẹ́ta tí wọ́n ń fa ajá kọjá níwájú rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ àwọn òyìnbó náà títí, n kò dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Ṣé wọ́n ti gba káàdì ìjọ ni?

Ohun tí mo wá, wá, tí n kò rí nínú àwòrán náà ni ibi tí a ó ti máa gúnyán.

Ẹ ti pẹ́ ní Abùjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn họ́ọ̀lù wa. Bí àgbàlagbà kan bá papò dà, kí ilẹ̀ ọjọ́ ìsìnkú tó mọ́, odó mẹ́rin tàbí márùn-ún ti wà ní ìdúró, obìnrin méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ odó bá ń já lu iṣu, ìdí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú họ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀. Ilẹ̀ tó ń gba gbogbo ìyà yẹn, sìmẹ́ńtì tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é, kò dán, kò sì fọ́. Ẹ wá gbé odó ka orí táìsì yín lẹ́ẹ̀kan péré. Họ́ọ̀lù kan wà tí mo mọ̀, tí wọ́n lẹ táìsì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Kí ọdún tó yí po, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ni àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gúnyán mọ́. Etí títì làwọn obìnrin ti ń gún un báyìí, tí ọ̀kadà ń fẹ́ eruku sí i.

Kí ẹ má baà ní mi ò ṣe yín dáadáa, mo rí ilé ìdáná yín. Ó wà ní kọ̀rọ̀, ó tó kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ní tábìlì fún ìkẹ́tùlù. Ìkòkò ọbẹ̀ Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ kò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, áńbọ̀sìbọ́sí àwọn tó ń rò ó.

Ẹ ó ní ẹ béèrè lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè. Lẹ́yìn ìsìn tó gùn, tí ebi ti ń pa àwọn ọmọdé sunkún, wọ́n ní kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i nawọ́. Gbogbo wa nawọ́. Bí ẹ bá ní kí á nawọ́ pé kí wọ́n wú họ́ọ̀lù náà lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ yẹn, à bá nawọ́, kí á ṣáà ráyè lọ ilé. Ọmọ Owé ni yín, ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe ìlú báyẹn. Ìpín mẹ́ta ni wá: Kábbà wà, Ọ̀dọlú wà, Kàtú wà. Ọbaró, ọba wa, ló wà lókè, síbẹ̀ àwọn olóyè Ọbadòfin àti Ọbajẹmu ní àyè tiwọn, ẹnì kan kì í sì í dá ọ̀rọ̀ ìlú sọ tán. Ìgbìmọ̀ yín wá kún fún ọkùnrin, obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ẹ fi kọ ìwé owó.

Àwọn tó ní họ́ọ̀lù yìí kọjá ẹni tó ń kọ orin ìsìn. Ibẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ń yá a ṣe ìgbéyàwó. Àwọn oníṣu ń ṣèpàdé níbẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe nínú ilé, abẹ́ igi máńgòrò ni. Igi máńgòrò, Ẹ̀gbọ́n! Nínú àwòrán yín, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà lójú rẹ̀. Inú họ́ọ̀lù la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìjà nínú ìjọ yìí, abẹ́ igi yẹn la sì ti ń parí rẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ẹ wá ibi tí ìjà yóò máa parí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ahéré ni mo fẹ́. Ọmọ Burkina Faso kan wà, Francis Kéré, ọmọ olórí abúlé Gando. Jámánì ló ti kọ́ṣẹ́ ilé yíyà. Nígbà tó padà wálé tó ní amọ̀ lòun fẹ́ fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, ẹnu ya àwọn ará ilé: ṣé amọ̀ tí òjò ń wó lọ́dọọdún ló lọ kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó? Kò fi ìwé ẹ̀rí halẹ̀ mọ́ wọn. Ó kọ́ àpẹẹrẹ níwájú wọn, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì gun orí rẹ̀, wọ́n ń fò. Ẹ̀yìn náà ni ọwọ́ tó wọlé: àwọn ọmọdé ń ru òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin ń lu ilẹ̀ títí ó fi dán. Wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí àjà kí ooru lè rí ibi jáde, wọ́n sì jẹ́ kó yọ síta kí òjò má lu ògiri. Ọdún 2001 ni ilé náà parí, ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004. Ní 2022 wọ́n fún Kéré ní ẹ̀bùn Pritzker, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Gíláàsì tiyín kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Láago mẹ́rin ọ̀sán, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí iná ti lọ tí díísù sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹ ó wá wàásù ọ̀run àpáàdì fún wa, a ó sì gbà yín gbọ́ kíákíá.

Bí ẹ bá ní Gando jìnnà, Ọ̀yẹ́-Èkìtì kò jìnnà. Níbẹ̀ ni àwọn Fadá méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Wọ́n pe Bándélé agbẹ́gilére, ọmọ Àrẹ̀ógún láti Òsì, tí àwa àti àwọn ará ibẹ̀ jọ wà ní Kwara kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Lámídì Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá, Mùsùlùmí ni, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Fadá náà kò gbé àwòrán òyìnbó lé àwọn agbẹ́gilére lọ́wọ́ pé kí wọ́n dà á kọ. Wọ́n sọ ìtàn Bíbélì fún wọn, wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin wá ya kẹ́ńtè àwọn ará Gánà sára ògiri wa, a ò bá wọn jà, àna wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa àwọn ará wa ní Búnú ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, sì gbé ìwé jáde lórí aṣọ Búnú ní 1995. Akítẹ́ẹ̀tì yín kò tíì gbọ́ ni?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ná yín lówó. Ẹ mú akítẹ́ẹ̀tì náà wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsìn, kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kó mú okùn àti èèkàn dání. A ó da eérú sílẹ̀, a ó fi ya ògiri àti ẹnu ọ̀nà bó ṣe rí nínú àwòrán, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Kí ọkùnrin mẹ́fà gbé pósí òfìfo gba ẹnu ọ̀nà náà, kí á wo bí wọn yóò ṣe yí i. Kí ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn rìn láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ tí ẹ yà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú. Ẹ pe àwọn oníṣu, ẹ pe àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ pe ọ̀dọ́ tó ń to àga tó sì ń kó o padà, nítorí òun nìkan ló mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ń kó o sí. Ibi tí èèkàn bá ti ń dí ènìyàn lọ́wọ́, kí akítẹ́ẹ̀tì fà á tu, kó rì í síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dá ọjọ́ ìkówójọ. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ilé kò ní ṣòro láti tọwọ́ bọ àpò.

Iyán ọjọ́ náà, ọwọ́ wa ló wà. Akítẹ́ẹ̀tì ni yóò di ọmọ odó kejì mú.

Èmi àbúrò yín,
ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ ìkòkò lẹ́yìn họ́ọ̀lù.