Yes Tí Mo Tẹ̀

Ẹni tó bá mọ Trans-Amadi ní Port Harcourt mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èèyàn kàn ń dá sí i ni. Èmi ni mo ń ṣírò dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ wa ń mu. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ mákírò sínú Excel, àwọn àṣẹ tó ń mú kó ro lítà pọ̀ fúnra rẹ̀, kó sì ya owó dẹ́rẹ́bà sọ́tọ̀. Mo wá ń yan fanda kiri ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń yọ lókè fáìlì mi ti sú òun. Kò burú. Mo lọ sí Save As, mo yan .xlsx. Excel fọ̀wọ̀ bi mí pé mákírò ò lè wọ irú fáìlì yìí o, ṣé kí òun máa bá a lọ? Mo tẹ Yes. Bí ìgbà tí wọ́n bá ní ṣé màá jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja ni mo ṣe dáhùn.

Bó bá mọ síbẹ̀, ì bá sàn. Láti Excel 2007 ni Microsoft ti ya irú fáìlì méjèèjì sọ́tọ̀: èyí tó parí sí m ló lè gbé mákírò, èyí tó parí sí x kò lè gbé e. Èmi rí fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, mo ní ìbejì wo rèé, mo di Shift mú, mo tẹ Delete lé oní m lórí. Kò tilẹ̀ ya Recycle Bin kó tó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́tìnì mi ṣì dúró dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́. Excel ní òun ò rí mákírò tí mo ń pè. Òógùn bò mí nínú éè-sí. Ọ̀gá yọjú: "Yoruba man, where my report?"

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn.

"Ṣé o kó kóòdù náà síta?"

"Síta ibo, ẹ̀gbọ́n?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó wá ní kí n tẹ Alt àti F11, kí n fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ módù, àpò tí kóòdù wà nínú rẹ̀, kí n yan Export File, fáìlì .bas á jáde, Notepad á sì kà á. Mo ní mo ní ẹ̀dà lórí fláàṣì: Final, Final2, FinalFinal, Final_Ọ̀gá. Ó ní kí ni ìyàtọ̀ wọn? N ò mọ̀. Git pàápàá, ètò tó ń tọ́jú ìyípadà inú fáìlì, ò lè mọ̀ ọ́n ní ìlà-ìlà, torí ẹrù dídì ni .xlsm, inú fáìlì kan tó ń jẹ́ vbaProject.bin ni kóòdù há sí.

Final2 ni mo fi tún un kọ, ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá kọ mákírò tí yóò máa kó gbogbo módù síta. Excel kọ̀. Mo bú u títí ilẹ̀ fi ṣú, àṣé èmi ni n ò máàkì àpótí tó ń jẹ́ Trust access to the VBA project object model, tó ń gba mákírò láàyè láti wọnú kóòdù. Nígbà tó gbà, fọ́ọ̀mù tí mo ṣe sínú fáìlì náà jáde ní méjì, .frm àti .frx. Notepad ṣí .frx, wúruwùru ló rí, mo ní ìdọ̀tí nìyí, mo pa á rẹ́. Ìdọ̀tí ọ̀hún ló gbé àwòrán fọ́ọ̀mù dání. Fọ́ọ̀mù kọ̀, kò wọlé mọ́.

Àlàyé tí mo fi Yorùbá kọ sínú kóòdù ńkọ́? Ibi tí kóòdù ń gbé nínú Excel kò mọ ẹ, ọ àti ṣ olójú àmì wa. Àmì ìbéèrè ló fi dípò wọn. Ìlà kan tí mo fi ń ṣàlàyé ọkọ̀ dà bíi pé èmi gan-an ni mo ń béèrè ohun tí mo ń ṣe.

Git ló ń bá mi tọ́jú àwọn .bas náà báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lítà ò bára mu mọ́. Git fi hàn pé ìlà kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìlà 41. Òun náà ni mo bà jẹ́.