Bọ̀dá Bomi-sí-i

Ẹ kò lè gbé Thamesmead, ní London, kí ẹ má mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní àwọn ilé ìjọsìn tó fara ti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ilé ìkẹ́rùsí ní Nathan Way, ọkùnrin kan á rọra dìde kí ìjọ tó sọ oore-ọ̀fẹ́. Ẹ má rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀. Búùtù ọkọ̀ rẹ̀ ló ń lọ ṣí. Á ká apá agbádá léésì rẹ̀ sí èjìká, á gbé kẹ́ẹ̀gì omi bí ẹni tó ń lọ sóko ẹ̀fọ́. Kí àwa tó jáde, ó ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó ti bomi sí i, ó ti pa á dé, ó ti nu ọwọ́. Àwọn ọmọ ìjọ ló sọ ọ́ lórúkọ: Bọ̀dá Bomi-sí-i.

Ọkọ̀ Jámánì oníbẹntiróòlù ọdún 2006 ló ń wà, ó sì ní túbò. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, á ní, "Ẹ ṣeun, túbò ni o." Nígbà tí owó ULEZ, tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tó ń tú èéfín burúkú, dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, tí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ń sunkún £12.50 lójúmọ́, ẹ̀rín ló ń rín. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tó bá ti tó ìwọ̀n Euro 4 kì í san kọ́bọ̀. "Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí," ló ń wí, "wọn ò rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀." Òótọ́ ni. Èéfín ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò wo omi.

Àrà ibẹ̀ ni pé òun gan-an ni dókítà ọkọ̀ gbogbo àdúgbò. Bí ọkọ̀ yín bá dákú lórí Shooters Hill, orí fóònù ló ti máa sọ àìsàn rẹ̀: "Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni." Ọkọ̀ ń gbọ̀n? Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Rédíò ò sọ̀rọ̀? Ẹ kọ́kọ́ lọ wo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ná. Ó ní ọdún mẹ́ta gbáko lòun fi jókòó ní Ládípọ̀, ní Mushin, kí òun tó wọ bàálù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà ní lóòótọ́ ló jókòó níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́wà ni. Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ pé kí wọ́n máa yọ tẹmọ́sítáàtì tó ń ṣọ́ ìgbóná ẹ́ńjìnnì dànù, torí pé ìlú òtútù ni òyìnbó ṣe é fún. Ó dé ìlú òtútù, ó tún yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n omi ń tán nínú ọkọ̀ dókítà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, níbo lomi yìí ń lọ?" Ó ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ọkọ̀ túbò máa ń mu omi bí ẹṣin. Ìyàwó ní ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi òwe lé e lórí: "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Ìyàwó ò jiyàn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 tí reluwé Elizabeth ti ń gba Woolwich dé Abbey Wood, ó ti ń wọ̀ ọ́, ó sì ti fi túbò sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nìkan.

Kò sí oògùn tí Bọ̀dá ò lò. Ó fọ́ ẹyin sí rédíétọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ ilé ti ń ṣe. Ó ra oògùn inú ìgò tó ń dí ihò. Ihò tó ń jò ò dí, àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú hítà ló dí. Ó wá ku omi ẹ̀rọ. Omi ẹ̀rọ London kún fún ẹfun, ẹ wo ìdí kẹ́tùlù yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kóòláǹtì tó yẹ kó wà nínú rédíétọ̀ kì í ṣe omi tí wọ́n pa láró: kì í jẹ́ kí omi dì lóṣù Kìíní, kì í jẹ́ kó tètè hó, kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ẹni tó ń fi omi lásán lé e lójoojúmọ́ ń fọ̀ ọ́ dànù ni. Ní Ìbàdàn, ìyà ìpẹtà àti híhó lẹ óò jẹ. Ní Thamesmead, yìnyín á là yín ní ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, ìlà ọkọ̀ ojú omi Woolwich la wà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé ènìyàn kọjá níbẹ̀ láti ọdún 1889, Bọ̀dá sì ti búra pé òun ò ní gba ọ̀nà abẹ́ odò Blackwall mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbowó níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ dúró lójú kan. Ọwọ́ ìwọ̀n gbígbóná gòkè, ó gòkè, èéfín funfun bo ojú gíláàsì. Bọ̀dá fò jáde, ó ṣí búùtù. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti gbẹ. Odò Thames ń ṣàn níwájú rẹ̀ bẹẹrẹ, Bọ̀dá Bomi-sí-i ò rí omi bù.

Bàbá mẹkáníìkì tí wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bọ̀dá ti ń ka ìtàn tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fún un. Bàbá ní: "Ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ padà wá lọ́la."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dun Bọ̀dá jù. Ta ló fẹ́ dúró títí dọ̀la láti gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́? Etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Omi bíbù kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè; ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Àyẹ̀wò ló ń sọ iye tí a óò san.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá de páǹpù kékeré kan mọ́ ẹnu tẹ́ńkì omi, ó fún un ní afẹ́fẹ́ dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀, ó sì dúró. Ọwọ́ ìwọ̀n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ki dígí kékeré bọ ẹ̀yìn túbò. Hóòsì rọ́bà kan nìyẹn, ó ti gan bí pọ̀ǹmọ́ ìjẹta, ẹfun sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èéfín gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń yí túbò, ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Omi ló ń mú àárín rẹ̀ tutù. Gbogbo ẹ̀kán tó jò, orí irin gbígbóná ló ń já sí, ó sì ń di ooru lọ. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbẹ. Bàbá fi oògùn olómi búlúù dán tẹ́ńkì wò bóyá èéfín wọnú omi. Búlúù ló wà, kò yí àwọ̀ padà: èéfín ò wọ omi. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Hóòsì náà, £18. Tẹmọ́sítáàtì padà sáyè rẹ̀, kóòláǹtì tuntun wọlé, wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Owó oògùn inú ìgò tó ti rà tẹ́lẹ̀ ju owó hóòsì lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá jókòó dópin, ó ṣe àmín tó rinlẹ̀. Níta, ó ń kọ́ àwọn èèyàn: "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, hóòsì ni." Àìsàn gbogbo ọkọ̀ Thamesmead ti di hóòsì láti ọjọ́ náà. Mo yọjú wo búùtù. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n kún dẹ́nu.

Èmi ò bá a wí. Mo mọ àwọn tó ń bomi sí gbèsè, mo mọ àwọn tó ń bomi sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà á báyìí: ojú ọ̀nà kan náà ni omi ọkọ̀ ń yí po, kò sí ibi tó yẹ kó máa lọ. Bí ẹ bá ti bù ú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ẹ má dá a láre mọ́. Òùngbẹ kì í gbẹ ọkọ̀. Ó ń jò ni.