Ta Ló Ń Ro Àmàlà Sínú Ẹ́ńjìn?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì yí rédíò yín o, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹ jókòó sí ni mo bá dé.

Mo ní Camry tòkunbọ̀ kan, ọmọ ọdún 1999. Ó ti rin 310,000 kìlómítà. Ká ní ó ń yí ayé po ni, ì bá ti yí i ju ẹ̀ẹ̀meje lọ. Mo ń fọ ara rẹ̀ lójoojúmọ́ débi pé ìyàwó mi ń jowú. Ọ́ìlì ńkọ́? Tó bá ti dín, mo ń bu tuntun kún un. Ọdún kan gbáko, mi ò dà á nù lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ́ńjìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí onílé tó wá gba owó ilé. Ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bàbá ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, ó ti sikurudíráfà bọ̀ ọ́, ó fi ha nǹkan dúdú kan jáde, ó ki pọ́pọ́. Ó wò mí títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń ro àmàlà síbí?"

Mo ní, "Bàbá, mo ń bu ọ́ìlì kún un o!"

Ó ní, "Tí ẹ bá fọ ṣòkòtò tán, tí omi inú abọ́ dúdú kirikiri, ṣé ẹ ó bu omi díẹ̀ kún un, kí ẹ wá ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́?"

Mo pa lọ́lọ́.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ́ìlì kì í kàn mú irin yọ̀. Èròjà wà nínú rẹ̀ tó ń fọ ìdọ̀tí, tó sì ń gbé e rù. Tó bá dúdú lórí gééjì, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ jù, á sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ẹ́ńjìn, ooru á sè é, ó di àmàlà. Ọkọ̀ àgbà ló sì tètè ń kàn, torí ríǹgì tó ti jẹ ń jẹ́ kí èéfín yọ́ wọnú ọ́ìlì. Ó ní tòun, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ rìn kọjá 5,000 kìlómítà ká tó pààrọ̀ rẹ̀. Àti pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kìlómítà lè má kúrò lójú kan, ẹ́ńjìn kò sinmi.

Mo ní kó fi kẹrosíìnì ṣan án kíá. Bàbá yarí! Ó ní gbogbo àmàlà náà á já lẹ́ẹ̀kan náà, á dí asẹ́ ìsàlẹ̀, ọ́ìlì ò ní rọ́nà gòkè, irin á sì máa ha irin. Ká pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà, ká tún pààrọ̀ wọn lẹ́yìn 2,000 kìlómítà. Díẹ̀díẹ̀ ni inú rẹ̀ á máa mọ́.

Bí a ṣe ń da èyí àtijọ́ jáde, káfíńtà kan gbé kẹ́ẹ̀gì sáré dé. Ó bẹ̀ wá pé ká fún òun, òun fẹ́ fi kun igi òrùlé, kí ikán má baà fẹnu kàn án.

Ẹ gbọ́ o, ohun tí ikán ń sá fún ni mo fún Camry mi mu fún ọdún kan. Tí ẹ bá délé, ẹ fa gééjì yín wò.