Fọ́tò Tí Àlàbí Yà ní Agadez

(Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Múìdí ń bu ìrẹsì lẹ́bàá gáréèjì. Àlàbí wa, tó kó ṣọ́ọ̀kì mọ́tò wá láti Ìbàdàn, jókòó sórí táyà àlòkù. Ẹ mọ Àlàbí: fóònù ò lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.)

ÀLÀBÍ: Ìyá Múìdí, mo ti yà á o! Mo ti gbé e sí sítátọ́ọ̀sì mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, «Àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò nìyí, mo rí wọn lójúkojú.»

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ta lo yà?

ÀLÀBÍ: Ọkùnrin tó wé láwàní dúdú yẹn, tó fẹ̀yìn ti Hilux. Ojú nìkan lẹ lè rí lára rẹ̀. Bí kò bá ní nǹkan tó ń fi pa mọ́, kí ló ń bo ẹnu fún?

ÌYÁ MÚÌDÍ: Yanrìn ló ń bo ẹnu fún, ìwọ ọmọ yìí! Fi ìka kan ihò imú rẹ wò. Láti ìjẹta tó o ti dé, yanrìn tó o ti gbé mì á tó rẹ́ ògiri. Níbí, ọkùnrin Tuareg ló ń bojú, obìnrin wọn kì í bo tirẹ̀. Bó o bá pàdé ìyàwó rẹ̀ lọ́jà, yóò wò ẹ́ kòrókòró, yóò sì ná ọjà rẹ títí wàá fi fẹ́ẹ̀ẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

ÀLÀBÍ: Ohun tí mo kà nínú ìròyìn ni mò ń sọ. Wọ́n ní Agadez ni ẹnu ọ̀nà…

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ẹnu ọ̀nà ikú. Ṣé òun náà tún ni? Mo ti mọ ìròyìn yẹn lórí. Oníkámẹ́rà yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, kò ní kí ẹnikẹ́ni, «Hilux dà?» ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. Mọ́sáláṣí ńlá nìyẹn, amọ̀ lásán, wọ́n ti kọ́ ọ láti 1515, ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga tó mítà 27, igi yọ síta lára rẹ̀ bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ààfin Súlútáánì nìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníkámẹ́rà á kẹ́yìn sí méjèèjì, á kúnlẹ̀ síwájú bọ́ńpà ọkọ̀.

ÀLÀBÍ: Kí tilẹ̀ ni igi yẹn ń ṣe níbẹ̀? Mo rò pé wọn ò tíì parí ilé náà ni.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Àtẹ̀gùn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, orí igi yẹn ni wọ́n máa ń gùn. Wọn kì í yá pákó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó o ń kọ́lé sí Àpáta, ọdún kejì rèé tó o ti ń sá fún onípákó.

ÀLÀBÍ: Ẹ má jẹ́ ká kó ọ̀rọ̀ ilé mi bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ òfin là ń sọ. Òfin kan wà tẹ́lẹ̀ tó ní kí wọ́n má gbé àwọn èèyàn lọ sí Líbíà mọ́. Àwọn sójà tó gba ìjọba fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2023. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà fún àwọn Yúróòpù nígbà yẹn, Ylva Johansson, ní ó dun òun gan-an. Títí dòní ni ìwé ìròyìn ò tíì sinmi.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ó dùn ún. Ó mà ṣe o. Ṣé ó dùn ún tó bó ṣe dun dẹ́rẹ́bà tí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀? Jókòó dáadáa, má fi ẹsẹ̀ ti abọ́ mi. Òfin 2015-36 lò ń sọ. Niger ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan ní àdúgbò yìí tí kò mọ ilé tí owó ti wá. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn Yúróòpù pe àwọn olórí Áfíríkà sí Valletta ní Malta, tí wọ́n ṣí àpò fún wọn. Nígbà tó fi di 2016, ìjọba Niger bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn dẹ́rẹ́bà. Wọ́n to Hilux sínú bárékè, rẹ́rẹ́ẹ́rẹ́. Oòrùn sá wọn títí táyà fi là. Èmi tí mò ń wò ó lójú ara mi kọ́ ni wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀLÀBÍ: Ọ̀daràn ni wọ́n mú, Ìyá Múìdí.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ọ̀daràn wo? Lójú ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì, wọ́n ń sanwó fún ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé ECOWAS ti 1979 ló ní ọmọ Nàìjíríà lè wọ Niger láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ẹni tó gbé e láti Agadez lọ sí Dirkou ò tíì jáde nílẹ̀ Niger. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá mú dẹ́rẹ́bà n'Íbàdàn, pé èrò tó gbé lọ sí Ṣakí lè ti ibẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin lọ́la. Ṣé wàá gbà?

ÀLÀBÍ: Niger ti jáde nínú ECOWAS láti oṣù kìíní 2025.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Àwọn ló jáde, èmi ò jáde. Mẹ́ruwà! Mẹ́ruwà, dúró! Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin.

(Ọmọkùnrin kan ti ọmọlanke omi dúró. Ewúrẹ́ méjì tẹ̀lé e, ọ̀kan ń jẹ páálí sìgá.)

ÀLÀBÍ: Mẹ́ruwà! Bí a ti ń pè é l'Ékòó náà nìyí. Mo gbọ́ tí ẹ pe ọlọ́kadà ní kabu-kabu lánàá, mò ń wo ìta bóyá mọ́tò jákujàku kan ń bọ̀. Alùpùpù ló dé. Èèyàn ò jìnnà sílé níbí rárá o, àfi omi nìkan ni kò sí.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ta ló ní kò sí omi? Ní 2009, àgbàrá ya wọ ìlú yìí, ó kó ilé amọ̀ lọ bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Ilé tó wà lẹ́yìn ibi tí mò ń gbé wó lu àwo, ó wó lu bẹ́ẹ̀dì. Àwọn oníkámẹ́rà yẹn kọ́ ló wá síbẹ̀ o. Ìlú aṣálẹ̀ tí omi gbé lọ, kò bá ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù mu.

ÀLÀBÍ: Ó dáa. Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Nígbà tí àwọn èrò Líbíà ń wọ́ gba ibí kọjá, ta ló ń ta oúnjẹ fún wọn?

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ni. Mo jẹ níbẹ̀. Odindi ìkòkò méjì ló ń tán kí ìrun ọ̀sán tó dé. Oníláwàní jẹ, oníbọ̀wọ́ jẹ, ẹni tó ń ta dígí ojú jẹ. Kẹ́ẹ̀gì nìkan, ọ̀tọ̀ niṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀. Wo èyí tó so mọ́ ara mọ́tò yẹn. O rí i pé wọ́n fi àpò rán aṣọ sí i lára? Wọ́n á rẹ àpò náà sínú omi, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i bí mọ́tò bá ti ń sáré, omi inú rẹ̀ á tutù. Olúkúlùkù ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sára tirẹ̀. Ní ọdún tí gáréèjì yìí kún, mo ka Táíwò, mo ka Sunday, mo ka ẹnì kan tó kọ «Olúwa Ń Bẹ». Mo fún Olúwa Ń Bẹ ní ẹran lé.

ÀLÀBÍ: Ṣé ó dé ibi tó ń lọ?

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ta ni mo fẹ́ bi? Gba tíì rẹ.

(Ọmọ Tuareg tó ń lẹ táyà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti da tíì láti òkè réré sínú ife wẹ́wẹ́, ó ń hó.)

ÀLÀBÍ: Áà! Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ife yìí náà kéré. Ẹ ṣeun, mo ti mu ún, ẹ jẹ́ n máa lọ wo ẹrù mi.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Jókòó! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú. Ẹni tó bá dìde lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kínní bú ẹni tó se é.

ÀLÀBÍ: Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ẹ̀yin èèyàn yìí ò kánjú o. Ìyá Múìdí, àwọn tó kú ńkọ́? Ní 2013, èèyàn 92 ni wọ́n bá nínú aṣálẹ̀. Obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Òùngbẹ ló pa wọ́n.

ÌYÁ MÚÌDÍ: (ó gbé ìpọnmi sílẹ̀) Mi ò bá ẹ jiyàn ìyẹn. Lọ́nà Arlit ni. Mọ́tò ló bàjẹ́. A gbọ́ ọ níbí, ẹnikẹ́ni ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

ÀLÀBÍ: Ẹ rí i pé ó yẹ kí òfin wà.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Òfin dé. Kí ló ṣe? Ojú ọ̀nà tó lọ sí Dirkou, láti ayé àwọn tó ń fi ràkúnmí gbé iyọ̀ bọ̀ láti Bilma ni kànga ti wà lójú ọ̀nà. Òfin dé, sójà lọ jókòó sídìí kànga. Dẹ́rẹ́bà tó bá wá ń sá fún sójà, kí ló ń sá fún?

ÀLÀBÍ: Sójà.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Omi ni! Omi ló ń sá fún, Àlàbí. Ó kó ọgbọ̀n èèyàn sẹ́yìn, ó yà sínú yanrìn tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Bí táyà bá fọ́ níbẹ̀, ta ni yóò kọjá? Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kó àwọn èrò rẹ̀. Wọ́n sọ pé ìrìn àjò dín kù. Wọn ò ka àwọn tó gba ẹ̀yìn lọ.

ÀLÀBÍ: Àmọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà yẹn náà ò sunwọ̀n. Ẹ rántí igi kan ṣoṣo tó wà ní aṣálẹ̀ Ténéré tẹ́lẹ̀? Nínú gbogbo aṣálẹ̀, igi kan péré! Kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀, èèyàn á rìn jìnnà gan-an kó tó rí òmíràn. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan lọ kọlù ú, ó wó o.

ÌYÁ MÚÌDÍ: (ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀) Ìyẹn! Ìyẹn, mi ò lè gbèjà rẹ̀. Wọ́n kó òkú igi náà lọ sí mùsíọ́mù ní Niamey, wọ́n fi irin ṣe òmíràn síbi tó wà. Gbogbo ilẹ̀ yẹn, láìsí kọ́nà, láìsí ihò, láìsí ọlọ́jà! Bóyá ọmọ Ìbàdàn ni.

ÀLÀBÍ: Wọ́n ní ó ti mutí ni.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Mo ṣáà ti sọ.

ÀLÀBÍ: Ṣùgbọ́n àwọn Yúróòpù náà ní àwọn fún wọn lówó kí wọ́n ṣe iṣẹ́ mìíràn.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló forúkọ sílẹ̀, àwọn díẹ̀ ló rí nǹkan. Èyí tí wọ́n rí náà, wọ́n dá iye rẹ̀ sí mílíọ̀nù kan àbọ̀ sẹ́fà, wọ́n sì fi ẹrù san án, wọn ò fowó lé wọn lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà tó mọ ọ̀nà aṣálẹ̀ lóru láìwo máàpù, o ní kó lọ máa sin ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tó wà nílẹ̀ ń jẹ páálí! Máa wò ó.

Jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí fún ẹ. Àlgéríà ń kó èèyàn wá sí ẹnubodè, wọ́n ń jù wọ́n sínú yanrìn. Ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ rìn tó kìlómítà 15 kó tó dé Assamaka. Àgbàlagbà wà níbẹ̀, aboyún wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni. Ẹni tó gbé wọn lọ lówó, ẹ pè é ní olówò ẹrú. Ẹni tó jù wọ́n nù lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba lẹ pè é. Ta ló ya fọ́tò ìyẹn sí sítátọ́ọ̀sì?

ÀLÀBÍ: Fóònù mi ò dé ọ̀hún.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Fóònù rẹ ò dé ọ̀hún. Àwọn Amẹ́ríkà wá, wọ́n kọ́ pápá bàálù sẹ́yìn ìlú, owó tó ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ, wọ́n ń fi bàálù tí kò ní dẹ́rẹ́bà wò wá látòkè. Wọ́n kó ẹrù wọn ní oṣù kẹjọ 2024, wọ́n lọ. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń wò wá yẹn, wọn ò ra ìrẹsì ogún sẹ́fà lọ́wọ́ mi. Gbogbo àlejò tó ń wá síbí, ọ̀nà ni wọ́n ń ṣọ́. Ọyẹ́ tó ń la ètè yín n'Íbàdàn ní Dìsẹ́ńbà, inú aṣálẹ̀ yìí náà ló ti ń kó eruku. Kí wọ́n mú òun náà.

(Ife kejì dé. Ní ìsàlẹ̀ gáréèjì, àwọn Hilux ti ń tò tẹ̀ lé ọkọ̀ sójà tó máa síwájú wọn. Àwọn ọkùnrin jókòó yí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ká, ẹsẹ̀ wọn rọ̀ síta, olúkúlùkù fi igi kan há agbedeméjì itan kó má baà já bọ́.)

ÀLÀBÍ: Ṣé Líbíà ni gbogbo àwọn yẹn ń lọ?

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ìwọ lọ bi wọ́n. Òmíràn ń lọ wa góòlù. Wọ́n rí góòlù ní Djado ní 2014, ìjọba ti ibẹ̀ pa ní 2017, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yé lọ. Òmíràn ń lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Dirkou. Gbogbo wọn ni òfin yẹn sọ di ẹrú tí wọ́n ń kó lọ tà. Tìẹ ńkọ́, ẹrù rẹ ti wọ mọ́tò?

ÀLÀBÍ: Ọ̀la ni wọ́n ní… Háà. Ọ̀rẹ́ yín tó bá mi dúnàá-dúrà lánàá lálẹ́, tó ní òun á bá mi gbé páálí ṣọ́ọ̀kì mẹ́fà dé Dirkou. Kò tan iná, mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa.

ÌYÁ MÚÌDÍ: Kò sí bó o ṣe lè rí i, láwàní wà lójú rẹ̀. Òun nìyẹn. Òun lo yà.

ÀLÀBÍ: Áà!

ÌYÁ MÚÌDÍ: Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé n'Ílọrin rí, ó gbọ́ Yorùbá.

ÀLÀBÍ: Mo ti ń pa á rẹ́! Ẹ wò ó, mo ti pa á rẹ́. Èèyàn 46 ti wò ó, ṣùgbọ́n mo ti pa á rẹ́. Ẹ gbà mí, ìyàwó mi ti fi ohùn ránṣẹ́.

(Ó tẹ fóònù. Ohùn obìnrin kan ta jáde láàárín gáréèjì: «Bàbá Ṣọlá, mo rí fọ́tò yẹn o! Ẹ dákun, ṣé wọn ò tíì tà yín báyìí?»)

ÌYÁ MÚÌDÍ: Dá a lóhùn. Sọ fún un pé a ti gbé ẹ dé ọjà, ẹnikẹ́ni ò ná ẹ.