Ta Ló Kọ́kọ́ Jó Àgídìgbo?

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ò tíì rí apàṣẹwàá òde òní. Bí òǹkọ̀wé bá lu àgídìgbo lónìí, ẹni tí ìlù ń bá wí gan-an ló máa ń kọ́kọ́ já wọ agbo, tí yóò máa pariwo pé, "Èmi mà lẹ ń wí o!"

Ọdún 1964 ni Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ni. Ògúndé ò dárúkọ Awólọ́wọ̀, tó wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, kò sì dárúkọ Akíntọ́lá, tó ń ṣolórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ká ní ìjọba dákẹ́ ni, ì bá rọrùn láti sọ pé ìtàn ọba ayé àtijọ́ lásán ni. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé jákèjádò ẹkùn náà. Ta ló wá dárúkọ Akíntọ́lá? Ìjọba Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ ni! Ó di 1966, tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àní, ológun ló tú òṣèré sílẹ̀.

Ní Kpoulou, ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín àwọn Họ̀lí àti Nàgó, kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n ṣàlàyé ẹranko inú ìṣèlú fún òun. Mathieu Kérékou, tó fìbọn gbàjọba ní 1972, fọwọ́ ara rẹ̀ mú alágẹmọ ṣe àmì: ó ní ẹ̀ka igi kì í dá lọ́wọ́ alágẹmọ. Ní 1974 ó di ọmọlẹ́yìn Marx àti Lenin. Ní 1975 ó sọ Dahomey di Benin. Àpérò gbogbogbòò ní Cotonou gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1990, Soglo fìbò lé e lọ ní 1991, ó sì fìbò padà wọlé ní 1996. Àlọ́ alágẹmọ wo ló kù tí òǹkọ̀wé fẹ́ pa fún ọmọ Kpoulou?

Ti Tógò ló wá le jù. Ní oṣù kìíní 1974, ọkọ̀ òfuurufú já lulẹ̀ pẹ̀lú Eyadéma, ààrẹ Tógò, ní Sarakawa. Ìjọba rẹ̀ ní òun nìkan ló yè é, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn náà yè é. Wọ́n tiẹ̀ tẹ ìwé aláwòrán jáde fún àwọn ọmọdé, níbi tí ààrẹ ti di akọni tí ikú ò rí gbé ṣe. Nígbà tí Ahmadou Kourouma, ọmọ Côte d'Ivoire tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Lomé, kọ En attendant le vote des bêtes sauvages ní 1998, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Koyaga ló fi ṣe ààrẹ. Ó ti fẹ́ lo orúkọ àwọn ààrẹ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹjọ́ ba àwọn tó fẹ́ tẹ̀wé náà. Ló bá fi wọ́n sábẹ́ ẹranko: àṣá, ọ̀nì, ìkookò, ẹkùn. Gbogbo ẹni tó kà á ló mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Tí a bá gbé àsọdùn Kourouma sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba Tógò, Kourouma ló ṣì níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Apàṣẹwàá tó pariwo pé òun ni ìlù ń bá wí ni òmùgọ̀ kìíní. Àmọ́ òmùgọ̀ kejì tún wà: ẹni tó rò pé ìwé kan ṣoṣo á ti apàṣẹwàá ṣubú. Kourouma kú ní 2003. Eyadéma kú lórí oyè ní 2005, lẹ́yìn ọdún 38, àwọn ológun sì fi Faure ọmọ rẹ̀ jẹ ààrẹ.